Aṣọ Wo Ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Yóò Wọ̀ Síwájú Ìlú?

Ibi Kíkà: Eksodu 28:6-30, Esekieli 44:15-19, Marku 12:38-40, Johannu 13:1-15

Ète Ẹ̀kọ́ Yìí: Láti mọ ohun tí ẹ̀wù iṣẹ́ Ọlọ́run wà fún, kí a lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí a wọ̀ ọ́ àti ìgbà tí ó yẹ kí a bọ́ ọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó la ẹnu láti gbàdúrà níbi ayẹyẹ kan, aṣọ ọrùn rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ti wo aṣọ náà, ó sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni ẹni yìí tàbí ọ̀tá, bóyá ìránṣẹ́ ni tàbí ọ̀gá. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nígbà tí ìjọ bá jókòó láti pinnu irú aṣọ tí pásítọ̀ tàbí díákónì yóò wọ̀ lọ síbi tí Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ péjọ sí. Bákan náà ni ti àlùfáà tí a yàn fún ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ogun, èyí tí à ń pè ní ṣápílénì.

Ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé ẹnu àwọn ará kì í kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní kóòtù àti táì ni ó bójú mu. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí kọ́là funfun lọ́rùn rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé pásítọ̀ ni? Àwọn kan fẹ́ ẹ̀wù gígùn bí ti ọjọ́ ìyàsímímọ́. Àwọn mìíràn ní agbádá àti fìlà ti tó. Ní àkókò wa yìí ẹ̀wẹ̀, a ń rí àwọn tí ń rán aṣọ tí ó jọ ti ṣọ́jà, tí wọ́n ń fi àmì oyè sí èjìká nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ àdúrà. Ta ni ó tọ̀nà nínú gbogbo wọn?

Bíbélì kò sọ irú aṣọ tí pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi yóò wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ẹ̀wù iṣẹ́ Ọlọ́run wà fún. Bí a bá mọ ohun tí nǹkan wà fún, kò ní ṣòro fún wa láti mọ ìgbà tí a ń lò ó bí ó ti tọ́ àti ìgbà tí a ń ṣì í lò.

Ẹrù Ni Ẹ̀wù Náà

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Eksodu orí 28. Ọlọ́run pàṣẹ fún Mose pé kí wọ́n dá aṣọ mímọ́ fún Aaroni, aṣọ tí ó ní ògo àti ẹwà. Àwọn kan máa ń dúró síbi ẹwà yẹn, wọn a ní, "Ẹ ò rí i pé aṣọ ńlá yẹ àlùfáà!" Ṣùgbọ́n ẹ kà á síwájú. Kí ni ó wà ní èjìká ẹ̀wù náà? Òkúta méjì ni, a sì fín orúkọ àwọn ọmọ Israẹli sí wọn lára, mẹ́fà sára ọ̀kan, mẹ́fà sára èkejì. Kí ni ó wà ní àyà rẹ̀? Òkúta méjìlá, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ wá orúkọ Aaroni fúnra rẹ̀ títí, ẹ kò ní rí i. Orúkọ àwọn tí ó ń ṣojú fún ni ó gbé kọ́ èjìká, òun náà ni ó gbé sí àyà nígbà tí ó bá ń wọlé lọ síwájú Olúwa. Ẹ̀wù náà lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ni.

Ẹ tún wo Esekieli 44:19. Nígbà tí àwọn àlùfáà bá parí iṣẹ́ ìsìn nínú àgbàlá ti inú, tí wọ́n sì fẹ́ jáde sí àgbàlá ti òde níbi tí àwọn ènìyàn wà, wọ́n ní láti bọ́ ẹ̀wù ìsìn, kí wọ́n fi í sínú yàrá mímọ́, kí wọ́n sì wọ aṣọ mìíràn. Wòlíì náà sọ ìdí rẹ̀: kí wọ́n má ba à fi ẹ̀wù wọn sọ àwọn ènìyàn di mímọ́. Ohun mímọ́ kì í ṣe ohun tí a ń gbé wọ àárín èrò bí ó ti wù wá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ó burú kí ènìyàn fi aṣọ dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run mọ̀. Nínú II Awọn Ọba 1:8, Ahasiah ọba dùbúlẹ̀ àìsàn, kò rí wòlíì náà sójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ fún un bí aṣọ àti àmùrè ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà ti rí, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Elijah ni. Aṣọ Elijah sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sekariah 13:4 sọ fún wa nípa àwọn mìíràn tí wọ́n wọ irú aṣọ onírun bẹ́ẹ̀ láti tan ènìyàn jẹ. Irú aṣọ kan náà ni. Ọ̀kan sọ òtítọ́, èkejì purọ́.

Àwa Onítẹ̀bọmi ní ohun kan tí ó yẹ kí a rántí níhìn-ín. A gbàgbọ́ pé gbogbo ẹni tí ó gba Kristi gbọ́ ni àlùfáà. Nítorí náà, kò sí aṣọ kan tí ó lè mú pásítọ̀ súnmọ́ Ọlọ́run ju ìyá tí ń ta ata ní ọjà Odò-Orí lọ. Kọ́là funfun tí a mọ̀ lónìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn Aposteli wá. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn òjíṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀wù dúdú gígùn sì bá aṣọ àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga tan. Àṣà ènìyàn ni wọ́n. Àṣà rere lè jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a gbọdọ̀ fi dá arákùnrin wa lẹ́bi.

Ọmọ Ìlẹ́ṣà Kan

Ní ọdún 1860 ni a bí ọmọkùnrin kan ní Ìlẹ́ṣà, tí ó dàgbà sínú orúkọ David Brown Vincent. Ó di oníwàásù láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi. Ní ọdún 1888, ó wà lára àwọn tí ó dá Native Baptist Church sílẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn tí aáwọ̀ dé láàárín àwọn ọmọ ìjọ àti òyìnbó ajíhìnrere. Ní 1894, ó fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbébì. Ó fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀, kódà nígbà tí ó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Ẹ ronú lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọkùnrin bá ti di Kristẹni tòótọ́, ó gbọ́dọ̀ wọ kóòtù bí ẹni tí ó mú Ìhìnrere wá. Agbébì kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ń sọ fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò Yorùbá pé Jesu kò ní kí o di òyìnbó kí o tó di ọmọ Ọlọ́run.

Òótọ́ ni pé aṣọ Agbébì bá ìgbéraga àwọn kan wí. Nítorí náà, a kò lè sọ pé aṣọ kò gbọdọ̀ ṣe àtakò láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, aṣọ ara rẹ̀ ni, èyí tí àwọn baba rẹ̀ ń wọ̀. Èkejì, ara tirẹ̀ ni ó fi wọ̀ ọ́. Kò rán ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe aṣọ ọjọ́ kan ṣoṣo tí a wọ̀ kí àwọn ènìyàn lè wò ó. Aṣọ tí ó ń wọ̀ jẹun, tí ó ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ni. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí a ó nílò wọn nínú èyí tí ó kàn.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Ní Ìwó Ní 2016

Ìwó kì í ṣe ìlú ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ọba Lámúyè, Olúwòó tí ó wàjà ní 1906, jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kí a tó bí bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìlú yìí kan náà ni Baptist College wà, níbi tí a ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji kí àbúrò jẹ́ díákónì. Ní ọdún Iléyá, ẹran a dé ilé díákónì; ní ọdún Kérésìmesì, ìrẹsì a dé ilé Alhaji.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀. Orúkọ ìjọ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń sanwó olùkọ́, ọmọ gbogbo ẹ̀sìn ni ó sì ń kàwé níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tò, ó da àwọn kan pọ̀ mọ́ra, èyí sì tún dá kún àríyànjiyàn tí ó wà nílẹ̀. Ní 2013, àwọn Mùsùlùmí gbé ọ̀rọ̀ híjáàbù lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, 2016, Adájọ́ Jide Falola ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ọmọbìnrin Mùsùlùmí lọ́wọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ CAN ní Ọ̀ṣun ti sọ pé bí èyí bá bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ Kristẹni náà máa wọ aṣọ ìjọ wọn lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí Baptist High School, Ìwó, pẹ̀lú ẹ̀wù akọrin àti aṣọ ìjọ mìíràn lọ́rùn. Àwòrán wọn tàn káàkiri Nàìjíríà, ó sì kọjá Nàìjíríà.

Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ọ̀tún kí a gbọ́ ti òsì. Òbí Mùsùlùmí sọ pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ẹ̀sìn òun béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin òun ni, kò sì yẹ kí ẹnubodè ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ibi tí yóò ti bọ́ ọ sílẹ̀. Òbí Kristẹni sọ pé owó kékeré tí àwọn ìyá ìyá òun dá nínú ìjọ ni a fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì ń bẹ̀rù pé ohun tí àwọn baba fi òógùn ṣe yóò parẹ́. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí kò ní ẹ̀dùn ọkàn rárá, kò ṣe òdodo.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa lónìí kì í ṣe ta ni ó jàre ní ilé ẹjọ́. Ohun tí à ń béèrè ni pé: kí ni ẹ̀wù akọrin ń wá nínú kíláàsì ìṣirò?

Ẹ jẹ́ kí a lo nǹkan mẹ́ta tí a rí lára Agbébì. Híjáàbù tí ọmọbìnrin Mùsùlùmí wọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó wọ̀ lọ sí ọjà, òun ni ó sì wọ̀ padà sílé. Ẹ̀wù akọrin ńkọ́? Ọmọ wa kì í wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà. Ẹ̀sìn wa kò ní kí ó wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ó bá fẹ́ kọrin ìyìn sí Ọlọ́run, ni a ń gbé e fún un, a sì tún ń gbà á padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, nígbà tí a fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun níwájú bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ìyìn Ọlọ́run ni ó ń sọ mọ́. Ohun tí ó ń sọ ni, "Bí ẹ bá wọ tiyín, àwa náà yóò wọ tiwa." Èsì ni ó di. Ẹ̀wù tí a fi ń fèsì fún ẹlòmíràn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí irú èsì bẹ́ẹ̀ ń gbà. Bí ẹ̀wù akọrin bá wọlé nítorí híjáàbù, kí ni a ó sọ fún ọmọ tí ó bá gbé aṣọ egúngún ilé wọn wá nítorí ẹ̀wù akọrin? Ohun tí a sọ ni òun náà yóò sọ, kò sì sí ẹnu tí a ó fi dá a lóhùn.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ni ó ń jà, ọmọ ni ó gbé aṣọ ìjà wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pín gúgúrú jẹ, ẹ̀wù tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ náà pé ọ̀tá ni wá. Bí Aaroni bá gbé orúkọ àwọn ọmọ Israẹli lé èjìká, a jẹ́ pé ẹ̀wù Ọlọ́run ni à ń fi ń gbé ọmọ. Níhìn-ín, ọmọ ni a ní kí ó fi ẹ̀wù gbé wa.

Ẹnìkan Lè Béèrè Pé

"Ǹjẹ́ bí a bá dákẹ́, wọn kò ní tẹ̀ wá mọ́lẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Kristẹni kò gbọdọ̀ ya òmùgọ̀, a kò sì ní kí ó dákẹ́. Ẹ wo Paulu. Nínú Iṣe Awọn Aposteli 22:25, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án, ó béèrè bóyá ó tọ́ lábẹ́ òfin láti na ọmọ Romu tí a kò tíì dá lẹ́bi. Ní orí 25:11, ó pe ẹjọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ Kesari. Ó lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti òfin ni ó fi jà. Ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ fún àwa náà. Irú ọ̀rọ̀ híjáàbù yìí kan náà láti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá, èyí tí ó dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, 2022, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù. Àwọn adájọ́ fúnra wọn kò fi ohùn ṣọ̀kan, bóyá ìdájọ́ náà sì tẹ́ wa lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wa lọ́rùn, ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó parí sí, kì í ṣe lọ́rùn ọmọ wa.

Ẹlòmíràn tí ó mọ Bíbélì dáadáa lè sọ pé, "Ṣé àwọn wòlíì kò fi aṣọ jà ni? Ahijah kò ha fa aṣọ tuntun ya sí ọ̀nà méjìlá nínú I Awọn Ọba 11? Isaiah kò ha rìn ní ìhòòhò àti láìwọ bàtà nínú orí 20?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó rán wọn. Aṣọ tuntun ni Ahijah bà jẹ́, kì í ṣe àkísà. Ara Isaiah fúnra rẹ̀ ni òtútù mú, ojú tirẹ̀ ni ó tì. Àwọn ènìyàn tiwọn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi aṣọ ṣe àmì bí wòlíì, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: Ta ni ó rán mi? Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Àwọn ta ni mò ń bá wí, àwọn ará ilé mi ni tàbí aládùúgbò nìkan?

Àmì Tí Kò Gbé Idà

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ aṣọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti le jù lọ, èyíinì ni ojú ogun. Àdéhùn Geneva ti 1949, tí Nàìjíríà náà wà lára àwọn tí ó gbà á, dáàbò bo àwọn àlùfáà tí ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun lọ. Ó ní kí wọ́n so ọ̀já tí ó ní àmì àgbélébùú pupa mọ́ apá òsì. Ẹni tí ó ní àmì yìí, ọ̀tá kò gbọdọ̀ kọ lù ú. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, a kò kà á sí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Wọ́n lè dá a dúró kìkì kí ó lè máa bójú tó ẹ̀mí àwọn tí a kó lẹ́rú.

Kí ni ó mú kí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní agbára tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí ó ń sọ ni. Ó ń sọ pé, "Èmi kò wá jà. Ẹni tí ó gbọgbẹ́ ni mo wá fún, ti ìhín àti ti ọ̀hún." Ọjọ́ tí ẹni tí ó so ó bá gbé ìbọn láti kọlu ọ̀tá, ààbò rẹ̀ bọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ni ó ń fún ni ní ọ̀já náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ wọn. Ènìyàn kì í lọ rán tirẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀.

Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún àwọn ará wa tí ń rán aṣọ bíi ti ṣọ́jà. Bí a bá pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run síbi ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí síbi tí rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀, kí ni ẹni tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀ yóò rò nígbà tí ó bá rí i nínú aṣọ ogun pẹ̀lú bẹ́líìtì ńlá àti àmì oyè? Yóò sá ni. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun láàyè láti wọ aṣọ ọmọ ogun. Dafidi, tí Saulu fi ìhámọ́ra rẹ̀ wọ̀, kò lè rìn nínú rẹ̀. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ (I Samuẹli 17:38-39). Aṣọ tí kì í ṣe tiwa kì í bá wa lára mu.

Bí A Ó Ṣe Yan

Àwọn àgbà ní gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni. Mo dábàá ìbéèrè mẹ́ta tí ìjọ lè bi ara rẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ aṣọ bá dé.

Èkíní: Orúkọ ta ni aṣọ yìí gbé? Bí ó bá jẹ́ pé ipò àti oyè mi nìkan ni ó ń kéde, ó ti yàtọ̀ sí ti Aaroni. Nínú Marku 12:38-40, Olúwa wa kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé tí ó fẹ́ràn láti máa rìn nínú ẹ̀wù gígùn. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e lójú kan náà: àwọn yìí ni wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run. Nítorí náà, bí a bá ń bu owó aṣọ fún àwọn ọmọ ìjọ kí pásítọ̀ lè dán níwájú gómìnà, tí opó kan sì ń yá owó láti san tirẹ̀, aṣọ náà ti jẹ ilé rẹ̀ kí a tó rán an.

Èkejì: Ǹjẹ́ ẹni tí ó nílò mi lè fi aṣọ yìí dá mi mọ̀ láìbẹ̀rù? Ẹ rò ó wò ní ilé ìwòsàn wa tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà láti 1907. Kristẹni àti Mùsùlùmí ni ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ibẹ̀. Ó yẹ kí aláìsàn lè fi kọ́là tàbí káàdì àyà mọ̀ pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ó dé, kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí aṣọ náà dà bí ẹni pé a wá fi ipá gba ọkàn ẹni tí kò lè dìde.

Ẹ̀kẹta: Ǹjẹ́ mo lè bọ́ ọ sílẹ̀? Nínú Johannu 13, Olúwa dìde nídìí oúnjẹ, ó fi agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó di aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Nígbà tí ó parí, ó tún wọ aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó. Bíbọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣe Olúwa mọ́. Òjíṣẹ́ tí kò lè bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ láti ran ẹni tí ọkọ̀ dà nù lọ́wọ́, ẹ̀wù náà ni ó ń wọ̀ ọ́.

Bí a bá lo ìbéèrè mẹ́ta yìí, ọ̀nà yóò là. Kí ẹ̀wù ìsìn wà fún ìsìn: ìtẹ̀bọmi, oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ìgbéyàwó, ìyàsímímọ́. Níbi ìwọ́de, kí aṣáájú àwọn Royal Ambassadors wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn ọmọ jọ ń wọ̀, kí ó má ṣe fi oyè kún un. Ní ààfin, níbi tí pásítọ̀ àti Lémọ́ọ̀mù yóò ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú Kábíyèsí, bùbá, ṣòkòtò àti agbádá mímọ́ tónítóní tó. Àdúrà rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí ó ń sìn. Ní ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, àmì kékeré tí ó ṣeé rí kedere tó. Ní gbogbo rẹ̀, kò sí ibì kankan tí a ti gbọ́dọ̀ wọ aṣọ Ọlọ́run nítorí pé aládùúgbò wa wọ tirẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ẹ̀wù akọrin lọ sí kíláàsì ní 2016 ti dàgbà. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di òbí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jókòó nínú kíláàsì yín lónìí. Wọ́n rántí ọjọ́ yẹn ju bí àwa ti rò lọ. Bí wọ́n bá bi wá léèrè ohun tí ẹ̀wù náà wà fún, a gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn tí ojú kò ní tì wá láti sọ níwájú Mùsùlùmí tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa, àti níwájú Ọlọ́run tí ó kọ́kọ́ ní kí a rán ẹ̀wù náà.

Ìbéèrè Fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀wù tí ń sọ ẹni tí a ń sìn àti ẹ̀wù tí ń sọ ẹni tí a ń bá jà? Ṣé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan ni ó lè mọ ìyàtọ̀ náà?

2. Bí a bá fi ẹ̀tọ́ ìjọ yín dù yín, ọ̀nà wo ni ẹ lè gbà béèrè rẹ̀ bí Paulu ti ṣe? Ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀, àgbà ni tàbí ọmọdé?

3. Aṣọ wo ni pásítọ̀ yín máa ń wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ìlú? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta tí ó wà lókè wò ó, pẹ̀lú ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀.

4. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù bi aládùúgbò kan tí kì í ṣe Kristẹni léèrè pé: "Bí ẹ bá rí pásítọ̀ wa ní gbangba, kí ni aṣọ rẹ̀ ń sọ fún yín?" Ẹ mú ìdáhùn wọn wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.